Ta ni yóò gbé wọn dìde tí wọ́n bá padà dé?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, nítorí inú ń bí mi. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mò ń gbọ́ ètò kan lórí rédíò ní Adó. Ọkùnrin tí wọ́n gbà lálejò ní kí àwọn ọmọ wa máa múra, pé láìpẹ́ ọmọ ènìyàn yóò lọ tẹ̀dó sí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì lójú ọ̀run, àti pé ẹni tí ibẹ̀ bá sú yóò padà wálé bí ẹni ti Èkó wá ṣọdún. Atọ́kùn ètò rẹ́rìn-ín, ó fi orin sí i. Kò bi í pé ẹsẹ̀ wo ni onítọ̀hún yóò fi rìn wọlé.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì pẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn tó fi eegun ṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo mọ ohun tí ìdùbúlẹ̀ ń ṣe fún ara. Wọ́n gbé ìyá kan wá bá wa láti apá Ẹ̀fọ̀n, ìyá tó ń ru iṣu gun òkè lójoojúmọ́. Itan rẹ̀ ló kán. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ló fi dùbúlẹ̀. Nígbà tí eegun náà so pọ̀ tán, tí a ní kó dìde, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú lé mi láyà. Ẹsẹ̀ tó ki bí ọmọ odó ti rù kan eegun. Kò sí àrùn mìíràn lára rẹ̀ o. Ara tí kò gbé ẹrù ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni.

Ohun tó ń ṣe àwọn tó ń gbé inú òfuurufú náà nìyẹn. Wọ́n ń léfòó ni, ẹsẹ̀ kò gbé nǹkan kan. Eegun ìbàdí àti itan lè máa fi ìdá 1 sí 1.5 nínú 100 dín lóṣooṣù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe eré ìdárayá fún nǹkan bíi wákàtí 2 lójúmọ́, síbẹ̀ eegun àwọn kan kò tíì padà sípò lẹ́yìn ọdún kan gbáko tí wọ́n dé ilé ayé. Suni Williams àti Butch Wilmore, arìnrìn-àjò òfuurufú ará Amẹ́ríkà, bá tiwọn lọ ní oṣù Kẹfà 2024 fún nǹkan bí ọjọ́ 8. Ọjọ́ 286 ni wọ́n lò. Nígbà tí wọ́n dé ní oṣù Kẹta 2025, ibùsùn aláìsàn ni wọ́n fi gbé wọn.

Òòfà ilẹ̀, ìyẹn agbára tó ń fa nǹkan wálẹ̀, ní Máàsì kò ju ìdá 38 nínú 100 tiwa lọ. Àpò sìmẹ́ǹtì kìlò 50 yóò dà bíi kìlò 19 lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé e níbẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ ọn fún ọdún mẹ́wàá ńkọ́, tó bá padà wá bá 50? Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ńkọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé ẹrù ayé rí? Àwọn tó pẹ́ jù lórí òṣùpá, ní oṣù Kejìlá 1972, ọjọ́ 3 péré ni wọ́n lò. Ta ló wá ń fi ọwọ́ sọ̀yà pé wọn yóò padà wálé ṣọdún?

Àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ni mo bá wí jù. Àpérò lónìí, ìfilọ́lẹ̀ lọ́la, ariwo sáyẹ́ǹsì kò tán lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ há sórí nípa òòfà ilẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ. Ìrìn àlọ nìkan ni wọ́n ń sọ fún wọn. Ẹnìkan kì í sọ ti àbọ̀!

Ẹ jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ girama mú àwọn ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń tú POP, ohun funfun líle tí a fi ń di eegun tó ṣẹ́, ní ọsibítù. Kí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ aláìsàn, kí wọ́n fi tépù wọn bí ẹsẹ̀ méjèèjì ṣe ki sí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n tún padà lọ wọ̀n ọ́n. Ní kíláàsì, kí ọmọ kan dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Kó dìde fùú, kí wọ́n tún kà á. Wọn yóò rí i pé ọkàn ń bá òòfà ilẹ̀ jà nígbàkígbà tí a bá dìde. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Àwa nọ́ọ̀sì mẹ́rin tó ti fẹ̀yìn tì níbí ti gbà láti bá wọn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí àwọn rédíò náà máa wá onímọ̀ kí wọ́n tó ṣí ẹ̀rọ.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ kí á wá, kó kọ̀wé sí wa nípasẹ̀ yín.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.