Ahunṣọ kan tó gbé nítòsí yín

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú òtútù o. Ṣé àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa? Látìgbà tí o ti sọ pé ẹ ti kó lọ sí ẹ̀bá Detroit ni orúkọ obìnrin kan ti ń wá sí mi lọ́kàn: Marianne Strengell.

Helsinki, ní ilẹ̀ Finland, ni wọ́n bí i sí ní 1909. Ayàwòrán-ilé ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń ṣe ọ̀ṣọ́ inú ilé. Ní 1937, Eliel Saarinen, ayàwòrán-ilé tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Finland bíi tirẹ̀, pè é wá kọ́ni ní híhun aṣọ ní Cranbrook, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tó wà ní Bloomfield Hills, kò jìnnà sí yín. Nígbà tó di 1942, òun ni olórí ẹ̀ka aṣọ híhun. Ó wà níbẹ̀ títí di 1961.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé kò bá ẹ̀rọ jà, kò sì torí ẹ̀rọ pa òfì tì. Aṣọ tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ńlá máa hun lọ́pọ̀ yáàdì, orí òfì ọlọ́wọ́ ló ti kọ́kọ́ ń hun ún wò. Ìwọ náà rántí ọ̀rọ̀ ìyá mi, pé ọwọ́ ló ń mọ òwú tó fẹ́ já kí ojú tó rí i. Báyìí ló ṣe hun aṣọ àga mọ́tò àti ti inú ọkọ̀ òfurufú. Ní 1951, ó lọ sí Philippines lọ kọ́ àwọn ará ibẹ̀ níṣẹ́ aṣọ híhun.

Ṣùgbọ́n èyí tí kò kúrò lójú mi ni kápẹ́ẹ̀tì tó ṣe ètò rẹ̀ fún Alcoa, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe aluminium, ní 1957. Aluminium ni wọ́n sọ di òwú o, irú èyí tí a fi ń ṣe ìkòkò ọbẹ̀! Wọ́n hun ún, ó ń dán. Mo rántí ìgbà tí òwú dídán kọ́kọ́ wọnú òfì ilé wa, tí àwọn àgbà ní kò lè bá òwú yòókù gbé.

Jọ̀ọ́, tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, yà sí ilé tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà sí ní Cranbrook. Wọ́n ní díẹ̀ lára iṣẹ́ rẹ̀ nípamọ́. Bi wọ́n bóyá wọ́n lè fi hàn ọ́. Wo etí aṣọ náà dáadáa, kí o wo bó ṣe so ìdí òwú rẹ̀, kí o yà á sórí bébà fún mi. Màá fi hàn ìyá mi.

Èmi ni tìrẹ,
Ọmọ aláṣọ òfì