Ó Yẹ Kí Ilé Ìtàwé Kékeré Lè Ra Ìwé Lọ́wọ́ Ẹni Tó Tẹ̀ Ẹ́ Jáde

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ń dí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ilé ìtàwé ní ìlú Ìbàdàn lọ́wọ́. Láàárín ọdún méjì tí mo ti ń ta ìwé nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Mọ́kọ́lá, èèyàn bíi mẹ́fà ló ti wá jókòó síwájú mi pé àwọn náà fẹ́ dá ilé ìtàwé tiwọn sílẹ̀, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn sì ń bi mí: ọ̀dọ̀ ta ni a ti ń ra ìwé? Bí mo bá ní lọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde ni, ẹnu a yà wọ́n.

Àwọn àgbà ní èèyàn kì í gbé inú omi kí ọṣẹ máa ta á lójú, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe wá nìyẹn. Ní Jẹ́ríkò nìkan, àwọn atẹ̀wéjáde bíi University Press Plc, Evans àti HEBN kò jìnnà síra wọn. Kraft Books wà ní ọ̀nà Pólì ní Sángo, Bookcraft náà wà ní Ìbàdàn níbí, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn sì wà nínú ọgbà yunifásítì fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Jẹ́ríkò máa ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ alágbàtà kan nínú ọjà, yóò tún gba ọwọ́ alágbàtà kejì, kó tó dé Mọ́kọ́lá tí kò ju ibi tí ẹni tí ara rẹ̀ dá lè fi ẹsẹ̀ rìn dé lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ₦5,000 ni òǹkàwé ń ra ìwé kan. Alágbàtà tí mo ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ yóò gba ₦4,500 lọ́wọ́ mi, nínú ₦500 tó kù ni mo sì gbọ́dọ̀ ti san owó ṣọ́ọ̀bù, owó iná àti owó ọmọ tó ń bá mi tajà. Bí ilé-iṣẹ́ tó tẹ ìwé náà bá fún mi ní ẹ̀dínwó ìdá 30 nínú 100, èyí tí kì í ṣe nǹkan tuntun nínú òwò ìwé, ₦3,500 ni n ó san, ₦1,500 yóò sì kù sí mi lọ́wọ́. Kódà bí owó ọkọ̀ bá jẹ ₦200 lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, òwò ṣì ni. Èyí tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀ kì í ṣe òwò. Mo kàn ń bá alágbàtà ṣọ́ ẹrù rẹ̀ ni.

Owó nìkan sì kọ́. Ìwé tó ti gba ọwọ́ méjì tàbí mẹ́ta kọjá lè jẹ́ ayédèrú láìjẹ́ pé ẹni tó gbé e wá fún yín mọ̀. Òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé, ìyẹn Copyright Act 2022, ka títa ayédèrú sí ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe títẹ̀ ẹ́ nìkan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá béèrè ibi tí ẹ ti rí ọjà yín, ríṣíìtì tí orúkọ atẹ̀wéjáde wà lórí rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí “lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá kan nínú ọjà ni.”

Ẹ̀yìn ojú ewé tí wọ́n kọ orúkọ ìwé àti ti òǹkọ̀wé sí ni ó yẹ kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ti kọ́kọ́ wò. Níbẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ sí, lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú fóònù àti íméèlì, àti ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé tó ní dígíìtì 13. Nọ́ńbà yìí ni kí ẹ fi béèrè ìwé, nítorí èyí tí èèpo rẹ̀ le àti èyí tí èèpo rẹ̀ rọ̀ kì í ní nọ́ńbà kan náà, iye owó wọn kì í sì í dọ́gba. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ìtajà wọn, kí ẹ fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí tí ẹ gbà lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, sínú rẹ̀, kí ẹ sọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù yín wà àti irú àwọn tó ń wá rajà níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè ní kedere iye ẹ̀dínwó tí wọ́n ń fún ilé ìtàwé, iye ẹ̀dà tó kéré jù tí wọ́n lè tà, ẹni tí yóò san owó ọkọ̀, àti bóyá wọ́n ń gba èyí tí kò bá tà padà. Ẹ má lọ ní oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án o, nítorí ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọlé ni gbogbo wọn ń kó nígbà náà, kò sẹ́ni tí yóò dá yín lóhùn.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ sí ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bi mí pé, “Iléèwé wo lẹ ti wá, sà?” Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìwé ni mo ní. Ó wò mí títí, ó ní kí n lọ jókòó sábẹ́ igi. Ọ̀gá tó wá bá mi níkẹyìn sọ pé àwọn kì í tà fún ẹni tí kò bá lè ra 100 ẹ̀dà. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn oṣù kan, ẹlòmíràn ló wà lórí àga, òun sì ní 20 ẹ̀dà ti tó. N kò bínú sí ẹ̀ṣọ́ náà, torí láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1955 ni iléèwé ti jẹ́ oníbàárà pàtàkì fún àwọn atẹ̀wéjáde wa. Àwọn ọ̀gá méjèèjì yẹn ni ọ̀rọ̀ wọn dùn mí, tí olúkúlùkù ń fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe òfin.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò gbọdọ̀ retí àwìn. Owó lọ́wọ́ ni ẹ ó fi ra ẹrù àkọ́kọ́ àti ìkejì, kí wọ́n tó lè fún yín ní oṣù kan tàbí méjì láti san. Àwọn kan a máa gbé ìwé sílẹ̀ fún yín pé bí kò bá tà, kí ẹ dá a padà. Èyí dára, ṣùgbọ́n ìwé tí èèpo rẹ̀ bá ti yí kì í ṣe ìwé tí wọ́n ń gbà padà. Òjò oṣù kẹfà kan wọ inú ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀dà 11 ni mo sì san owó rẹ̀ láìta ọ̀kan.

Ní ti ìwé ìtàn àròsọ tó ń jáde ní Èkó àti Àbújá, lọ́dọ̀ àwọn bíi Masobe tàbí Cassava Republic, ọ̀nà kan náà ni; wébíìlì ni ẹ ó lọ gbà ní gáréèjì. Kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtira ìwé ọmọ Nàìjíríà kan láti Lọ́ńdọ̀nù, kí ó kọ́kọ́ wádìí bóyá ilé-iṣẹ́ kan níbí ti gba ẹ̀tọ́ àtitẹ̀ ẹ́, nítorí náírà ni wọ́n ń ta ẹ̀dà tiwa.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn atẹ̀wéjáde Ìbàdàn ni pé kí wọ́n kọ àdéhùn wọn pẹ̀lú ilé ìtàwé sínú ìwé ewé kan ṣoṣo, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí ẹ̀ṣọ́ pàápàá ti lè rí i, kí iye ẹ̀dà tó kéré jù sì jẹ́ èyí tí ṣọ́ọ̀bù kékeré lè gbé. Kí wọ́n sì jọ̀wọ́, kí wọ́n má máa ta ìwé fún ẹni tó kàn yà wọlé ní iye tí wọ́n ń tà á fún wa, nítorí oníbàárà mi tó bá ti rà á ní ₦3,500 ní Jẹ́ríkò kò ní gbàgbọ́ pé olè kọ́ ni mí ní Mọ́kọ́lá. Mo ti kọ lẹ́tà lórí èyí sí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta. Ọ̀kan ti dáhùn, wọ́n ní kí n wá gbé ẹ̀dà 15 lọ́jọ́ Ajé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣòwò ìwé kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.