Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ yẹ ọjà wò sínú ìwé yín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ọ̀rọ̀ mi bá le jù, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ojú tó ń ta mí ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, gílóòbù ló sì fà á.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá ni gílóòbù yàrá tí mo ti ń kàwé jó. Mo lè ra òmíràn láìbi ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé èmi kì í rajà bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́. Mo ní ìwé atọ́nà ìrajà kan nílé. Ó nípọn bí ìrọ̀rí, wọ́n sì fi lẹ́tà pupa gàdàgbà kọ ọ́ sí èèpo rẹ̀ pé "TUNTUN! TI ỌDÚN YÌÍ!" Mo ṣí i. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ máa kàwé, gílóòbù wáàtì 60 ni kó béèrè. Ó parí. Mo gba ṣọ́ọ̀bù lọ, mo béèrè wáàtì 60. Ọmọkùnrin tó ń tajà wò mí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé inú ilé lẹ ti fẹ́ lò ó?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti kà á nínú ìwé. Bó ṣe gbọ́ ìwé, ó dákẹ́, ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó lọ gbé e wá.

Olóòtú, nígbà tí mo tan iná yẹn, àfi bí ẹni pé òòrùn ọ̀sán gangan já bọ́ láti àjà. Ìyàwó mi pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ta ló ń ya fọ́tò. Èmi tí mo fẹ́ kàwé, ọwọ́ ni mo fi bojú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Wáàtì ń sọ iye iná tí gílóòbù ń jẹ, kò sọ bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Lumen ló ń sọ ìyẹn. Gílóòbù àtijọ́ tó ní wáyà tín-ín-rín nínú, èyí tó máa ń gbóná bí ẹyin iná, bó bá jẹ́ wáàtì 60, ìmọ́lẹ̀ bíi 800 lumen ló ń mú wá. LED, gílóòbù ayé ìsinsìnyí tí kò ní wáyà gbígbóná nínú, ò nílò ju wáàtì 8 sí 10 lọ kó tó tan tó bẹ́ẹ̀. LED tó bá wá jẹ́ wáàtì 60 gan-an, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè ju 5,000 lumen lọ. Gbàgede ni wọ́n ń fi irú ẹ̀ tàn. Ọmọ tó tà á fún mi ló ṣàlàyé gbogbo èyí nígbà tí mo dá a padà, kò sì gbà á ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìwé tó nípọn bí ìrọ̀rí ò dárúkọ lumen lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo lè fara mọ́ àṣìṣe. Irọ́ tó wà lára èèpo ni mi ò lè fara mọ́. Ẹni tó kọ ojú ìwé yẹn kọ ọ́ nígbà tí gílóòbù oníwáyà ṣì kún orí àtẹ. Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn kúrò lórí àtẹ láti 2009. Láti ìgbà náà wá, èèpo nìkan ni àwọn oníwèé yìí ń pààrọ̀. Wọ́n da aṣọ tuntun bo arúgbó, wọ́n ní ọmọge ni.

Mo wá jókòó ti ìwé náà bí ọlọ́pàá tó ń tú ẹrù. Níbi fíríìjì, ó ní kí n wá èyí tí wọ́n lẹ A+++ mọ́, pé òun ni kì í jẹ iná púpọ̀. Àmì Yúróòpù nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2021 ni wọ́n ti yọ gbogbo àmì àròpọ̀ yẹn kúrò lára fíríìjì, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n padà sí A títí dé G. Wọ́n mú òṣùwọ̀n náà le débi pé fíríìjì tó ń jẹ́ A+++ tẹ́lẹ̀ lè di C tàbí D láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìwé yìí dání á máa wá A+++ títí ilẹ̀ á fi ṣú, á sì máa kọjá lára D tó dára gan-an, á rò pé ọjà tí kò wúlò ni.

Ti ọdún yìí, wọ́n ní!

Níbi kámẹ́rà, ó ní kí n ka megapixel, ìyẹn iye mílíọ̀nù àmì tóótòòtó tó para pọ̀ di fọ́tò, èyí tó bá pọ̀ jù ni kí n rà. Kò sọ bí ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà ṣe yẹ kó tóbi tó, kò sọ̀rọ̀ nípa dígí iwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyí gan-an ló ń mú kí fọ́tò tí a yà lálẹ́ mọ́ kedere. Níbi ṣájà, ó to oríṣi ẹnu mẹ́rin sílẹ̀, ó ní kí n fara balẹ̀ yan. Òfin Yúróòpù tó ní kí gbogbo fóònù tuntun máa lo oríṣi ẹnu ṣájà kan ṣoṣo, USB-C, láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ò kan tiwọn.

Kì í sì í ṣe ìwé ìrajà nìkan. Àbúrò mi ọkùnrin ra ìwé bí a ṣe ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe fúnra ẹni. Nínú gbogbo àwòrán inú rẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó jọ èyí tó wà nílé rẹ̀. Wákàtí kan ló fi tú ẹ̀rọ náà. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó ti fọ́n sílẹ̀ káàkiri pálọ̀. Èmi náà yá ìwé bí a ṣe ń dolówó lọ́wọ́ àna mi. Ó ní kí n máa jí ní aago mẹ́rin ìdájí. Mo jí bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan gbáko, oorun ni mo sì ń sùn lójú ọ̀gá mi lọ́sàn-án. Àna mi ti ra mẹ́ta irú ìwé bẹ́ẹ̀ báyìí. Ẹni tó kọ wọ́n á ti lówó dáadáa.

Èyí tí kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín ni ìwé ìtọ́jú ọmọ. Ìwé tí Dókítà Benjamin Spock, ará Amẹ́ríkà, kọ lórí ọmọ títọ́ kọ́kọ́ jáde ní 1946, àìmọye ìyá ló sì fi tọ́ ọmọ. Nígbà tó fi máa di ẹ̀dà 1958, ó ń gba àwọn ìyá nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa da ikùn ọmọ délẹ̀ tó bá fẹ́ sùn. Ire ló rò. Ìgbà tí ìwádìí fi hàn pé irú oorun bẹ́ẹ̀ ń dá kún ikú òjijì ọmọ ọwọ́ ni ìpolongo bẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀yìn ni kí wọ́n máa fi ọmọ lélẹ̀: ní 1991 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1994 ní Amẹ́ríkà. Láàárín ọdún mélòó kan, irú ikú náà dín kù tó bí ìdajì. Wọ́n tún ìwé ṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ti wà lórí pẹpẹ ìyá àgbà, tí ìyàwó ilé tuntun ń yá kà, ta ló lọ tún un ṣe? Ìwé ò lè ké sí olówó ẹ̀ kó ní, "Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ mi ti yí padà o."

Àwọn aláṣẹ tó yẹ kó dáàbò bò wá ńkọ́? Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹta, tí í ṣe àyájọ́ ẹ̀tọ́ oníbàárà lágbàáyé, wọ́n á dé fìlà alákọlé, wọ́n á ka ohun tí Ààrẹ Kennedy sọ fún ilé aṣòfin Amẹ́ríkà lọ́jọ́ náà ní 1962: ẹ̀tọ́ sí ààbò, ẹ̀tọ́ láti mọ òtítọ́ ọjà, ẹ̀tọ́ láti yan èyí tó wù wá, ẹ̀tọ́ kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ wa. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á wọ ọkọ̀ lọ. Mo tẹ ọ́fíìsì wọn kan láago lórí ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin tó gbé e ní ìwé kì í ṣe ọjà tí àwọn ń bójú tó, kí n bi àwọn tó ń rí sí àṣà. Àwọn oláṣà ní kí n bi àwọn oníbàárà. Oògùn ní ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára páálí rẹ̀. Ìwé tó ń sọ irú oògùn tí a ó rà ò ní. Ẹ wá sọ fún mi pé ọgbọ́n wà nínú ìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kò ju ìlà kan lọ. Nísàlẹ̀ ìmọ̀ràn kọ̀ọ̀kan nínú ìwé atọ́nà, kí wọ́n kọ oṣù àti ọdún tí wọ́n yẹ nǹkan náà wò kẹ́yìn, àti bí ó ṣe dé ọwọ́ wọn: ṣé wọ́n rà á ni, àbí ẹni tó ṣe é ló fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó ti ìmọ̀ràn fúnra rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tì í sí ojú ìwé àkọ́kọ́ yẹn, níbi tí ọ̀rọ̀ àṣẹ-ẹ̀tọ́ ń tò bí ìjàlọ. Ọdún tó wà níbẹ̀ ń sọ ìgbà tí wọ́n tẹ ìwé, kò sọ ìgbà tí ẹnikẹ́ni di gílóòbù mú. Bí wọn ò bá tún ibì kan wò, kí wọ́n jẹ́wọ́: "A ò tíì tún èyí yẹ̀ wò láti ìgbà báyìí." Èmi á ra ìwé tó bá jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sì má ṣe kọ "ti ọdún yìí" sí èèpo bí ìdajì inú ìwé bá ti ju ọdún méjì lọ. Mo ti fi pẹ́ńsù dán an wò lára ìwé tèmi. Àyè wà nísàlẹ̀ gbogbo ojú ìwé, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ìyàwó mi ní mo ti ń ya wèrè. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àyè wà níbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe. Ìwé ìròyìn Consumer Reports ti ń jáde ní Amẹ́ríkà láti 1936. Wọn kì í gba ìpolówó ọjà; àwọn fúnra wọn ló ń ra ohun tí wọ́n ń dán wò lórí àtẹ bíi tèmi tìẹ, láìjẹ́ kí ọlọ́jà mọ àwọn. Ìwé ìròyìn mìíràn tó ń yẹ ọjà wò, Which?, bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1957, kẹ́tùlù oníná sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ṣé kẹ́tùlù kò tó gílóòbù ni?

Àwọn gbajúmọ̀ gan-an nílò ìlà tí mo ń wí yìí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2005, Michelin, ìwé atọ́nà tó gbajúmọ̀ lórí ilé oúnjẹ, èyí tí wọ́n ṣe fún Bẹ́ljíọ̀mù àti àwọn alámùúlétì rẹ̀ yin ilé oúnjẹ kan tí kò tíì ṣílẹ̀kùn nígbà tí wọ́n ń tẹ ìwé. Wọ́n ní láti kó ìwé náà kúrò lórí àtẹ. Ká ní ó di dandan kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ayẹ̀wò wọn jókòó síbẹ̀ jẹun, ọjọ́ wo ni wọn ì bá kọ?

Ó ku díẹ̀ tí mo fẹ́ sọ. Kí àwọn ilé ìkàwé máa lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ìwé ìlera àtijọ́. Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn náà, ẹ máa lo ìwé kẹ́ ẹ tó yìn ín. Ojú ìwé yín ni mo ti kọ́kọ́ rí ìyìn ìwé gílóòbù yìí, ẹ má bínú.

Mi ò sì ní kí ẹ sun gbogbo ìwé níná. Ìwé aránṣọ tí ìyá mi fi sílẹ̀ dàgbà jù mí lọ, òun ni ìyàwó mi ṣì fi ń gé ṣòkòtò títí dòní, ó sì ń bá mi mu. Ẹsẹ̀ méjì náà ni ènìyàn ṣì ní. Ọjà ni kì í dúró sójú kan, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ̀wé lé e lórí gbọ́dọ̀ máa sáré tẹ̀ lé e, tàbí kó sọ ibi tí òun dúró sí.

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé náà lọ́jọ́ Ajé. Lánàá ni èsì dé. Wọ́n dúpẹ́ pé mo jẹ́ òǹkàwé àwọn pàtàkì, wọ́n sì fi àwòrán èèpo ti ọdún tó ń bọ̀ há a, pé kí n tètè sanwó kó tó tán. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kọ "TUNTUN". Mo fèsì pé kí wọ́n kọ́kọ́ sọ wáàtì mélòó ló wà lójú ìwé gílóòbù fún mi. Wọn ò tíì dáhùn.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé tó ń fọwọ́ bojú