Ẹ̀yin èèyàn wa ní Amẹ́ríkà, ẹ lọ sinmi lórí òkè

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ ìsinmi ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi tó àwọn èèyàn wa létí, pàápàá àwa tí à ń gbé ní ìpínlẹ̀ Georgia àti agbègbè rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sán ni, iṣẹ́ òru ni. Bí Sátidé bá sì dé, tó yẹ kí ara rọ̀ díẹ̀, aṣọ ẹbí ti wà nílẹ̀, ó di gbọ̀ngàn àríyá títí ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Mo fẹ́ràn òde ṣíṣe dáadáa, ṣùgbọ́n òde kì í ṣe ìsinmi, ara kì í sì í ṣe òkúta. Nígbà ooru tó kọjá, èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ wa lọ pàgọ́ sí Great Smoky Mountains, ọgbà igbó àti òkè tí ìjọba ń dáàbò bò. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti sun irú oorun tí mo sùn níbẹ̀.

Ààlà Tennessee àti North Carolina ni ọgbà ìjọba àpapọ̀ yìí wà, bíi ìrìn wákàtí mẹ́rin nínú mọ́tò láti Atlanta. Ọdún 1934 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Nínú gbogbo àwọn ọgbà tí wọ́n ń pè ní National Park ní Amẹ́ríkà, òun ni èrò ń wọ́ lọ jù, wọ́n ń lé ní mílíọ̀nù 12 lọ́dún. Ẹni tó bá gbọ́ iye yẹn á rò pé ariwo ọjà ló máa bá níbẹ̀. Rárá o. Òfin ló ń ṣọ́ ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀: láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di aago mẹ́fà àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pariwo ní ibùdó àgọ́. Ní Cades Cove tí a sùn sí, fóònù wa ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Kò sẹ́ni tó lè pè mí pé kí n wá bá òun ṣiṣẹ́ alẹ́. Odò là ń gbọ́, àti ẹyẹ. Lówùúrọ̀, àwọn ọmọ jókòó, wọ́n ń wo àgbọ̀nrín tó ń jẹko nínú kùrukùru. Ẹ má pè é ní èéfín iná o: oru tí àwọn igi ń mí jáde wà lára ohun tó ń bo àwọn òkè náà bíi èéfín.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa kan bi wá pé kí ló dé tí ẹni tó nílé á lọ máa sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú igbó. Mi ò ní parọ́ fún wọn: kò sí balùwẹ̀ níbẹ̀, omi ẹ̀rọ tútù àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ṣe, kò sì síná mànàmáná nídìí àgọ́. Òtútù máa ń mú lóru kódà nígbà ooru, nítorí náà ẹ gbé aṣọ tó nípọn dání.

Béárì ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn èèyàn jù, ó sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Òórùn oúnjẹ ló ń fà á. Gbogbo ohun jíjẹ, títí kan ọṣẹ ìfọyín, inú mọ́tò ló gbọ́dọ̀ wà bí ẹ ò bá tíì fẹ́ lò ó, kò sì gbọdọ̀ wọ inú àgọ́ rárá. Ẹ̀yin tí ẹ máa gbé ẹja gbígbẹ àti ọbẹ̀ ata lọ, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Béárì tó bá ti mọ oúnjẹ èèyàn lẹ́nu kì í gbàgbé ibẹ̀ mọ́, ìgbà mìíràn ẹ̀mí rẹ̀ ló máa ń bá a lọ. Bí ẹ bá rí i, ó kéré tán kí àyè tó wà láàárín yín tó yáàdì 50. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí.

Owó ńkọ́? Wọn kì í gbowó ìwọlé. Láti ọdún 2023, ẹni tó bá fẹ́ gbé mọ́tò kalẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ á san dọ́là 5 fún ọjọ́ kan tàbí dọ́là 15 fún ọ̀sẹ̀ kan. Àyè àgọ́ tó gba èèyàn mẹ́fà tó nǹkan bíi ọgbọ̀n dọ́là lálẹ́ kan. Owó aṣọ ẹbí kan ṣoṣo jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan tún wà tí mi ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò dá. Ilẹ̀ àwọn Cherokee ni ibẹ̀, ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀ tó ti wà ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé. Ní 1838, ọmọ ogun Amẹ́ríkà fipá kó ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò nílẹ̀ baba wọn, wọ́n lé wọn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sì kú. Àtọmọdọ́mọ àwọn tó ṣẹ́kù ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà náà gan-an, nílùú tó ń jẹ́ Cherokee, wọ́n sì ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tiwọn níbẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ yín débẹ̀. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n.

Mo ń fi àsìkò yìí bẹ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ àtàwọn ìjọ wa, tí wọ́n ń háyà gbọ̀ngàn lówó gọbọi lọ́dọọdún. Nínú ọgbà yìí, àyè àgọ́ fún èrò púpọ̀ wà ní Smokemont, ó wà ní Elkmont, ó wà ní Cades Cove pẹ̀lú. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbà á, ó sì máa ń tètè tán, nítorí náà kí wọ́n ti gba tọdún tó ń bọ̀ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí. Kí wọ́n kó àwọn àgbà àti àwọn ọmọdé dání, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sílẹ̀ nílé.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Atlanta, ìpínlẹ̀ Georgia