Ẹ̀sùn lórí páàsì àfonífojì mẹ́ta tí ẹ tà fún ẹni tí kò wọ bàtà síkì rí

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, 2025

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìsinmi Ìgbà Òtútù

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Yorùbá ni akọ̀wé yín fi ta ìrìn-àjò síkì yìí, eré yíyọ̀ lórí yìnyín ní Faransé, fún mi lórí fóònù. "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, tiwa ni yín," ló ń wí títí mo fi ka nọ́ńbà káàdì mi sí i létí. Yorùbá náà ni mo fẹ́ fi sọ ibi tí bàtà ti ta mí lẹ́sẹ̀ fún yín. Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe òwe: bàtà síkì ta mí lẹ́sẹ̀, èékánná àtàǹpàkò mi ṣì dúdú di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ẹ̀sùn mi ni pé ẹ ta odidi òkè fún ẹni tí kò lè lò ju igun kan lára rẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín sì rí i pé owó náà fẹ́ ṣòfò, ẹ kó wa lọ síbi tí kò yẹ wá, ẹ sì fi wá sílẹ̀ níbẹ̀.

Mi ò bá Les Trois Vallées jà, ìyẹn àfonífojì mẹ́ta tí ojú ọ̀nà síkì wọn so pọ̀ ní òkè Alps ní Faransé. Ibẹ̀ dára. Val Thorens tí a dé sí wà ní 2,300 mítà sókè, bí èèyàn bá sì ṣí fèrèsé láàárọ̀, funfun báláú ni gbogbo ayé. Lọ́jọ́ kan tí ojú ọ̀run mọ́, a wọ ọkọ̀ orí wáyà lọ sí Cime Caron ní 3,200 mítà, wọ́n sì nawọ́ Mont Blanc, òkè tó ga jù ní Alps, sí wa lọ́ọ̀ọ́kán. Bàbá Ìbejì tí kì í ya fọ́tò ya ogún. Ìyẹn dára, mo dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ fún akọ̀wé yín pé kò sẹ́nì kankan nínú wa, èmi, ọkọ mi àti àwọn ìbejì ọlọ́dún mẹ́sàn-án, tó fẹsẹ̀ kan pátákó síkì rí. Ó ní páàsì, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wọ àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gun òkè, tó gba gbogbo àfonífojì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 600 kìlómítà ojú ọ̀nà síkì, ló yẹ wá, kí wọ́n má baà dá wa padà lẹ́nu ọ̀nà. Mo san án fún ẹni mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́fà. Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin tó ń ta páàsì níbẹ̀ wo tiwa, ó wo bí mo ṣe ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ nínú bàtà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Òun ló sọ fún wa pé àfonífojì kọ̀ọ̀kan ní páàsì tirẹ̀, pé ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ tún wà tí owó rẹ̀ kéré sí i. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ojú ọ̀nà ní Faransé: aláwọ̀ ewé ni ti akẹ́kọ̀ọ́, búlúù tẹ̀lé e, pupa le, dúdú sì wà fún àwọn tí ikú kì í bà lẹ́rù. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, orí ẹní rọ́bà kan tó ń fúnra rẹ̀ rìn la wà, àwa àti àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin, kò gùn ju òpópónà ilé wa lọ. Ṣé torí ìyẹn la ṣe san owó 600 kìlómítà?

Ọ̀rọ̀ akoto náà wà níbẹ̀. Mo ti mú àwọn ọmọ lọ di sùkú ní Rye Lane kí a tó gbéra. Nígbà tí a débi tí wọ́n ti ń háyà irinṣẹ́, akoto kò wọ orí wọn, ó kàn jókòó lórí sùkú náà bí ìdérí ìkòkò. Olùkọ́ ní láìsí akoto, kò sí ẹ̀kọ́. Bí mo ṣe jókòó ti àwọn ọmọ méjì nínú ilé ìtura nìyẹn, tí mo ń tú irun wákàtí mẹ́rin, tí mo sì tún fi ọwọ́ ara mi dì í ní pàtẹ́wọ́. Bí òyìnbó ló ta ìsinmi náà fún mi, mi ò ní rojọ́. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ní tiyín ni wá, ẹ ò lè fi gbólóhùn kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé irun àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ fara mọ́ orí?

Ọjọ́rú lọ̀rọ̀ wá burú. Aṣojú yín níbẹ̀, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ dùn, ní kí èmi àti Bàbá Ìbejì tẹ̀ lé òun dé Méribel, ní àfonífojì kejì, "kí owó páàsì yín má baà wọgbó." Àwọn ọmọ wà nílé ẹ̀kọ́ síkì. A gun àga orí wáyà dé góńgó òkè, ó sì ní búlúù ni gbogbo ọ̀nà títí dé Mottaret, abúlé kan ní àfonífojì Méribel. Òótọ́ ni, búlúù ni. Ọ̀nà tí òun ní ogún ìṣẹ́jú ni, wákàtí méjì ló gbà wá. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo ṣubú, mo kà á. Nígbà tó yá, ó wo aago, ó ní òun ní àwọn àlejò tí òun fẹ́ pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì, kí a máa bọ̀ lẹ́yìn òun. Kò sọ fún wa pé àwọn ẹ̀rọ tó so àfonífojì kan mọ́ èkejì ní aago tí wọ́n ń dúró.

Ìgbà tí a fi dé ìdí ẹ̀rọ náà, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ ti so ṣéènì dí ẹnu ọ̀nà. Àwọn àga ṣì ń kọjá lókè orí wa, wọ́n ń mì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò sẹ́nì kankan nínú wọn. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń mi orí.

Lórí máàpù, Val Thorens kò ju ìka kan lọ síbi tí a dúró sí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mọ́tò kò gba orí òkè. Takisí gbé wa sọ̀ kalẹ̀ dé Moûtiers, ìlú tó wà nísàlẹ̀ àwọn àfonífojì náà, tí kò ga tó 500 mítà, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun àfonífojì tiwa, kọ́nà lórí kọ́nà, padà sí 2,300 mítà. 150 yúrò. Olùkọ́ àwọn ọmọ ló dúró tì wọ́n ní ọ́fíìsì títí a fi dé, Táíwò ti sunkún sùn sórí àga, Kẹ́hìndé ní, "Mọ́mì, a rò pé ẹ ti sọnù."

Mi ò ní kí ẹ lé ọmọ náà níṣẹ́, ọmọ ẹlòmíì ni. Ẹ dá owó tó fi ju páàsì tó yẹ wá lọ padà, fún àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú owó takisí tí mo fi rìsíìtì rẹ̀ sínú àpòòwé yìí. Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, kì í ṣe lórí fóònù, irú ẹ̀kọ́ tí ẹ máa ń fún àwọn aṣojú yín nípa aago tí ẹ̀rọ ń dúró. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo fún yín.

Àwọn ìbejì ti ń béèrè ìgbà tí a tún máa lọ. A máa lọ. Bóyá ọwọ́ yín la ó ti rà á, ìdáhùn yín ni mò ń dúró dè.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì