Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ l'Ábújà

Ìtòkú, Abẹ́òkúta
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé o ti ń rí oorun sùn? Ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní aago mẹ́ta òru, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. O ní o fẹ́ fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀ kí o wá máa ṣe àdìrẹ bíi tèmi, àmọ́ ẹ̀rù ń bà ọ́. Ìwọ tí o dúró gbọn-in níwájú Ìyá Oníkàn lọ́jọ́ tí gbogbo kíláàsì bẹ́ gba ojú fèrèsé, lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ ojú ewé kan ṣoṣo ló wá ń lé ọ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì!

Kí n má baà gbàgbé: ọmọ Ṣadé ti ń rìn, bàbá onílé ti tún ilé kùn, àwọ̀ burúkú yẹn náà ni, òjò sì ti sọ Lafẹ́nwá di ẹrẹ̀. Ó parí.

Mi ò ní sọ fún ọ pé kí o má bẹ̀rù. Ẹni tó bá ní kí o má bẹ̀rù, kò gba owó oṣù rí ni. Tú ẹ̀rù náà sílẹ̀ bí ẹní ń tú ìdì aṣọ, kí o wo ohun tí wọ́n dì sínú ẹ̀. Ẹnu ayé wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀. Ti ẹnu ayé, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Màmá rẹ á sunkún fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà wọ́n á máa bèèrè aṣọ ọ̀fẹ́.

Owó la ò lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kọ ohun tí ilé rẹ ń jẹ lóṣù kan sílẹ̀: oúnjẹ, owó ilé tí o fi 12 pín, owó ilé ìwé àwọn ọmọ, dátà, èyí tí ò ń fi ránṣẹ́ sílé. Sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́fà. Iye yẹn gbọ́dọ̀ wà ní báńkì kí lẹ́tà tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, owó aró àti aṣọ kò sì sí nínú ẹ̀ o. Bèèrè iye tí o ṣì jẹ kọ́pù, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ rẹ, torí bí owó oṣù bá dúró, àwọn tó ṣe onídùúró fún ọ ni wọ́n máa lọ bá. Ka lẹ́tà tí wọ́n fi gbà ọ́ síṣẹ́, wo oṣù mélòó ni o gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí. Ẹni tó bá kàn jáde lásán lè san owó oṣù padà. Ní ti pẹ́ńṣàn, o kò tíì pé 50. Òfin pẹ́ńṣàn 2014 gbà pé bí o bá ti wà láìníṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin, o lè gba tó ìdá 25 nínú 100 ohun tó wà ní àpò pẹ́ńṣàn rẹ. Má kà á mọ́ owó ìbẹ̀rẹ̀ rárá. Ebi kì í dúró de oṣù mẹ́rin.

Ó wá ku sódà, kọ́sítíìkì sódà tí à ń fi po aró, tí o ní òun gan-an ló ń bà ọ́ lẹ́rù jù. Ó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù. Aṣọ òwú gidi ni kí o lò, aró yìí kì í mú pọliẹ́sítà, kí o sì fọ sítáàṣì ara aṣọ kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ aró á mú níbì kan, á fo ibì kan. Ṣíbí aró kan, ṣíbí sódà kan, ṣíbí méjì háídírọ́ọ̀sì (ìyẹ̀fun tó ń jẹ́ kí aró wọ aṣọ), ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Fi omi gbígbóná po aró nínú ike tó nípọn. Má lo alumíníọ̀mù láéláé, ṣe ni sódà máa ń jẹ ẹ́. Sódà ni à ń dà sínú omi tútù, díẹ̀díẹ̀, ká tó dà á mọ́ aró. Bí o bá da omi lé sódà, á ta sí ọ lójú. Bó bá ta sí ọ lára, omi púpọ̀ ni, fún bí ìṣẹ́jú 20. Má fi epo pa á, má fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀ ń tàn ọ́ jẹ ni. Háídírọ́ọ̀sì ló kẹ́yìn. Rọra rò ó. Bí o bá ń rò ó bí ẹní ń ro ọkà, atẹ́gùn á wọ̀ ọ́, agbára rẹ̀ á sá lọ. Má sì jẹ́ kí omi kán sínú ọ̀rá rẹ̀ nílé, ó lè gbóná títí tí iná á fi ràn.

Bó bá jẹ́ aró èlú, àwọ̀ ewé ni aṣọ máa fi jáde nínú omi. Ẹni tí kò mọ̀ á ké pé aṣọ ti bàjẹ́, á tún bu sódà sí i, ibẹ̀ ni aṣọ ti ń bàjẹ́ gan-an. Jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ. Lójú rẹ báyìí, á máa di búlúù láti etí bọ̀ wá sí àárín. Ìwọ náà, àwọ̀ ewé lo wà báyìí, torí náà fọwọ́ kúrò nínú sódà.

Ọjà ò dùn tó bí wọ́n ṣe ń sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tó jọ kàm̀pálà wa, kún Ìtòkú yìí, ó sì pọ́ọ́kú. Ẹni tó bá fẹ́ bá a du owó, gbèsè ló ń wá. Oníkó, èyí tí à ń fi okùn dì, àti alábẹ́rẹ́, èyí tí à ń fi abẹ́rẹ́ rán ká tó rẹ ẹ́, ni kí o gbájú mọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀ṣọ ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe bí ọwọ́. Má sì bẹ̀rẹ̀ nínú òjò, aṣọ kì í gbẹ.

Torí náà, má tíì fi lẹ́tà yẹn sílẹ̀. Gba ìsinmi ọdún rẹ, wá fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn ọ́ lọ́jọ́ kẹta, a ó mọ ibi tí a bá dé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mo ti ń sá fún láti òkè. Ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi ti ṣófo. Owó ọdún méjì ni onílé ń bèèrè, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ kó dúró dé ìparí oṣù. Èmi nìkan ò lè san án. Má tìtorí ìyẹn fi iṣẹ́ sílẹ̀ o, mo bẹ̀ ọ́, kí ó má baà di pé èmi ni mo fà ọ́ wálé. Ṣùgbọ́n bí ọkàn rẹ bá gbà, sọ fún mi kó tó di ọjọ́ 25. Bí kò bá gbà, sọ fún mi náà.

Má sọ fún màmá rẹ pé a jọ sọ ọ́.

Tìrẹ,
Àṣàkẹ́

Bí o bá ń bọ̀, ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgúnpá bọ̀, méjì-méjì. Tìrẹ pẹ̀lú tèmi.