Ẹ má fọwọ́ lẹ́rán lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọrọ ìwé ọmọ Nàìjíríà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ dákun, ẹ fún wa láàyè nínú ìwé ìròyìn yín. Àwọn tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ni àwọn èèyàn wa tó ti Ṣábẹ̀ẹ́, Kétu àti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, àti Tógò wá, tí wọ́n ti sọ Àbújá, Kàdúná, Kánò tàbí Jọ́ọ̀sì di ilé, àti àwọn ìyàwó tí àwọn ọmọ wa fẹ́ láti ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀pọ̀ wọn ti fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ pé àwọn fẹ́ di ọmọ Nàìjíríà, wọ́n ń retí èsì. Iṣẹ́ bíbá ni ṣètò irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni à ń ṣe ní Garki, ohun tí a sì ń rí ni pé fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ kì í sábà ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ohun tí èèyàn ṣe, tàbí tó kọ̀ tí kò ṣe, lẹ́yìn tí fọ́ọ̀mù ti wọlé ló ń bà á jẹ́. Bí fáìlì yín ṣe wà ní iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé ní Area 1 yẹn, àjèjì ṣì ni yín lójú òfin títí di ọjọ́ tí ẹ bá búra tí wọ́n sì fún yín ní ìwé-ẹ̀rí.

Àmọ́ ká tó sọ ti dídúró, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìlà tí ẹ tò sí ni tiyín. Abala 25 nínú Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bí sí Nàìjíríà lẹ́yìn òmìnira, tí òbí rẹ̀ kan tàbí òbí-àgbà rẹ̀ kan jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ẹni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ mìíràn, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Irú àwọn wọ̀nyí kò ní ohun tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ Ààrẹ. Ẹ̀rí ni kí wọ́n lọ wá. Ẹni tí wọ́n bí sẹ́yìn odi, tó jẹ́ pé òbí-àgbà nìkan ló jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, abala 26 ni tirẹ̀, ìyẹn ìforúkọsílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń béèrè ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́wọ́ rẹ̀. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe lọ́dún 1889 ló là á láàárín àwọn èèyàn Kétu, tí Kétu fúnra rẹ̀ fi bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ sì wà lọ́dọ̀ tiwa. Nítorí náà, àwọn tí ìyá àgbà wọn jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ pọ̀ nínú àwọn tó ń ka ọdún lórí ìlà tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ béèrè nílé kí ẹ tó sanwó.

Ẹni tí kò bá ní irú ìdílé bẹ́ẹ̀, abala 27 ló máa gbà wọlé. Ó gbọ́dọ̀ ti gbé Nàìjíríà fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko láìdá a dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó ti gbé ibí fún oṣù méjìlá tó ṣáájú ọjọ́ tó kọ̀wé láìjáde, kí gbogbo ìgbà tó sì fi gbé ibí nínú ogún ọdún tó ṣáájú oṣù méjìlá ọ̀hún pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kéré tán. Ẹ̀rí ọdún wọ̀nyí ló máa ń ṣòro fún àwọn tó ń gba ẹnubodè Chikanda tàbí Ìláàrá lọ sílé láìtẹ òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà. Rìsíìtì owó ilé, rìsíìtì owó iléèwé àwọn ọmọ, káàdì ilé ìwòsàn, ìwé iṣẹ́: ẹ máa kó wọn pamọ́ sójú kan lọ́dọọdún, ẹ má sì dáwọ́ dúró torí pé fọ́ọ̀mù ti wọlé.

Ibo wá ni fáìlì ń lọ? Láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé, wọ́n á kọ̀wé sí ọlọ́pàá, sí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS, sí iléeṣẹ́ Immigration, àti sí ìjọba ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé. Olúkúlùkù á ṣe ìwádìí tirẹ̀, á sì fi èsì ránṣẹ́. Bí mẹ́ta nínú wọn bá ti dáhùn tí ẹnì kan kò tíì dáhùn, fáìlì á dúró dè é. Lẹ́yìn náà ni yóò dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn, kó tó dé iwájú Ààrẹ. Òfin kò dá ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ jáde. Ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ ni wọ́n sì máa ń fún àwọn èèyàn: lóṣù kẹsàn-án ọdún 2022, nígbà tí Ògbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ mínísítà, èèyàn 286 ni Ààrẹ Buhari fún ní ìwé-ẹ̀rí lẹ́ẹ̀kan náà, 208 lára wọn gba ti abala 27, 78 gba ti ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tí ìwádìí tirẹ̀ bá parí lẹ́yìn tí ọ̀wọ́ kan ti jáde, ọ̀wọ́ tó ń bọ̀ ló kù fún un. Ẹ má fi ìrètí oṣù mẹ́fà dá ara yín lágara. Ó lè gbà ju ọdún méjì lọ.

Nínú gbogbo ìwádìí yìí, ti ojúlé ló gba àfiyèsí jù. Ẹni tó ń ṣèwádìí lè dé láìkọ́kọ́ pè. Yóò béèrè yín lọ́wọ́ onílé, lọ́wọ́ aládùúgbò tó ń ta nǹkan lẹ́nu géètì, àti lọ́wọ́ mai unguwa, ìyẹn olórí àdúgbò. Bí mai unguwa bá ní òun kò mọ̀ yín, tó sì jẹ́ pé ẹ ti ń gbé Lugbe láti ọdún mẹ́wàá, ohun tó máa wọ inú ìwé nìyẹn. Òfin sọ pé kí gómìnà gbà pé àwọn ará àdúgbò tẹ́wọ́ gbà yín, àti pé ẹ ti mọ ìgbé ayé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní apá ibẹ̀. Àwọn èèyàn wa kì í fiyè sí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Ẹni tó ń gbé Sabon Gari ní Kánò lè gba ìwé ọ̀dọ̀ olórí àwọn Yorùbá, ó dára, àmọ́ kó gba ti mai unguwa pẹ̀lú, kó sì lè bá a sọ Hausa tó jọjú. Ẹ máa lọ sí ìpàdé àdúgbò. Ẹ san owó ààbò àti owó ìmọ́tótó tí àdúgbò bá dá, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ ní Àbújá yìí ju ibikíbi lọ. Owó ilé á wọ́n ní Nyanya, èèyàn á kó lọ sí Mararaba tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ. Nyanya wà lábẹ́ Àbújá, Mararaba sì wà ní Ìpínlẹ̀ Nasarawa. Bẹ́ẹ̀ náà ni Zuba jẹ́ ti Àbújá, tí Madalla tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Niger. Àbújá kò ní gómìnà. Ọ̀dọ̀ Mínísítà Àbújá ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ń lọ. Bí ẹ bá ré ààlà kọjá báyìí sí Mararaba, Lafia, olú-ìlú Nasarawa, ni èsì ti gbọ́dọ̀ wá, kì í ṣe Àbújá mọ́, àwọn tó sì wá yín lọ sí ilé àtijọ́ á kọ ọ́ pé àwọn kò bá yín. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ má kó kúrò ní ìpínlẹ̀ tí ẹ fi sínú fọ́ọ̀mù. Bí ó bá di dandan, ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé lọ́sẹ̀ tí ẹ kó, ẹ fi àdírẹ́sì tuntun àti nọ́ńbà fáìlì sí i, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ gbígbà sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín.

Orúkọ tún jẹ́ ọ̀ràn fún àwọn tó ti apá Faransé wá. Nínú ìwé ìbí, Adéchina ló wà. Akọ̀wé tó gba NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀, sílẹ̀ á kọ Adesina. Ilé ìfowópamọ́ á kọ Adeshina. Lójú ẹni tó ń ṣèwádìí, èèyàn mẹ́ta nìyẹn. Ti ọjọ́ ìbí tún wà níbẹ̀: àwọn ìwé ìbí àtijọ́ mìíràn kàn sọ pé nǹkan bí ọdún 1971, fọ́ọ̀mù Nàìjíríà sì ń béèrè ọjọ́ àti oṣù, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á fi ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní sí ibì kan, á fi òmíràn sí ibòmíràn. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ìwé tẹ̀ lé ohun tó wà nínú ìwé ìrìnnà yín. Èyí tó bá yàtọ̀, ẹ lọ tún un ṣe, ẹ sì gba ìwé ìbúra ní kóòtù tó ṣàlàyé pé ẹnì kan náà ni. Ìgbà tí ẹ ń dúró yìí ló yẹ kí ẹ ṣe é, kí àwọn tó ń ṣèwádìí tó béèrè.

Ìwé ìgbélùú ńkọ́? Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ Benin tàbí Tógò ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láti wọlé láìsí físà. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, káàdì ìgbélùú ECOWAS ni, lọ́dọ̀ Immigration. Ẹni tí kò ti inú ECOWAS wá, CERPAC, ìyẹn káàdì ìgbélùú àwọn àjèjì, ni tirẹ̀. Àwọn kan máa ń jẹ́ kí èyí kú torí wọ́n ń retí ìwé tó tóbi jù ú lọ. Ìgbà tí Immigration bá wá dáhùn lẹ́tà, ohun tí wọ́n á kọ ni pé ẹni yìí ń gbé ìlú láìní ìwé. Ìwà rere wà lára ohun tí òfin béèrè, ẹ sì ti fi ọwọ́ ara yín ba tiyín jẹ́. Ìwé-ẹ̀rí owó orí náà máa ń kárí ọdún mẹ́ta tó ṣáájú. Bí wọ́n bá béèrè tuntun lẹ́yìn ọdún méjì tí ẹ ti ń dúró, ó yẹ kó wà nílẹ̀.

A bẹ̀ yín, ẹ má lọ forúkọ sílẹ̀ fún káàdì ìdìbò. Olóṣèlú àdúgbò lè rọ̀ yín, ó lè ní ẹ ti pẹ́ níbí, ó lè ní ẹ ṣáà ti ní NIN. NIN kì í ṣe ẹ̀rí pé èèyàn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Àjèjì tó ń gbé ìlú lọ́nà òfin náà ń gbà á. Ọmọ Nàìjíríà nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí káàdì ìdìbò, ẹni tó bá sì gbà á ṣáájú ìbúra ti fi ẹnu ara rẹ̀ pa irọ́ fún ìjọba kan náà tó ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún ẹ̀yin ìyàwó: abala 26 sọ pé obìnrin tó jẹ́ ìyàwó ọmọ Nàìjíríà, tàbí tó ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, lè di ọmọ Nàìjíríà nípa ìforúkọsílẹ̀. Bí ọkọ bá kú nígbà tí fáìlì wà lọ́nà, tàbí tí ẹ kọ ara yín sílẹ̀, ẹ̀tọ́ yín kò bá a lọ. Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ọkọ má fi èyí dẹ́rù bà yín. Ẹ tọ́jú ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ikú. Àwọn ọmọ tí ẹ bí fún un, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n. Wọn kò sí nínú ohun tí ẹ ń tọrọ. Ó dùn wá pé ọkùnrin àjèjì tó fẹ́ ọmọbìnrin wa kò rí irú ẹ̀tọ́ yìí gbà: lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta 2022, àwọn aṣòfin dìbò ta ko àtúnṣe tí ì bá fún un. Abala 27 pẹ̀lú ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ nìkan ló kù fún un. Kò tọ́, ó sì yẹ kí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò.

Láti ọdún 2015, àpò kan ṣoṣo ni owó ìjọba àpapọ̀ ń wọ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó sí àkáǹtì òun kí fáìlì lè rìn, fún ara rẹ̀ ló ń gbà á. Ìmeèlì tiyín gan-an ni kí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ti ẹni tó ni káfè. Ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ̀wé sí bí ìwé kan bá kù, ẹni tó ni káfè sì lè ti kó lọ.

Bí ẹ bá ti dúró pẹ́ láìgbọ́ nǹkan kan, ẹ kọ lẹ́tà pẹ̀lẹ́ kan, ẹ béèrè èsì iléeṣẹ́ wo ni kò tíì dé. Òfin 2011 tó jẹ́ kí ará ìlú lè béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Ìbéèrè yẹn wúlò ju kí ẹ máa béèrè pé ìgbà wo ló máa jáde lọ, torí bí ẹ bá mọ̀ pé ti ọlọ́pàá ló kù, ẹ mọ ibi tí ẹ máa lọ bi wọ́n.

Bí wọ́n bá pè yín fún ìbúra, ẹ rántí abala 28. Orílẹ̀-èdè tí ẹ jẹ́ ọmọ rẹ̀ láti ìgbà ìbí, òfin Nàìjíríà kò ní kí ẹ kọ̀ ọ́. Èyí tí ẹ gbà lẹ́yìn ìbí ni ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ láàárín oṣù márùn-ún. Abala 30 sì sọ pé ẹni tó bá gba ti abala 27, tí ilé ẹjọ́ sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún méje àkọ́kọ́, Ààrẹ lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni pé kí wọ́n fi hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fún olúkúlùkù, èsì tó ti dé àti èyí tó kù. Ìwọ̀nba ìyẹn nìkan á gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ àwọn tó ń gba owó lẹ́nu géètì wọn.

Àwa ni,
Agbẹjọ́rò àti akọ̀wé rẹ̀,
Garki, Àbújá.